"Ogbó Ni": Ohun Tí Àgbàlagbà Rò Nípa Ọjọ́ Orí Rẹ̀ Ṣeé Wọ̀n

Ẹ dúró díẹ̀ létí odò ní Kpátá, nínú ìlú Lọ́kọ́jà, lásìkò tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń já ẹja sílẹ̀, kí ẹ fetí sí bí àwọn ìyá tó ń ná ẹja ṣe ń kí ara wọn. "Màámá, orúnkún yín ńkọ́?" "Ọmọ mi, ogbó ni." "Ojú tí ẹ ní ó ń ṣe bàìbàì lọ́jọ́sí ńkọ́?" "Ogbó náà ni." Ẹni tó béèrè á ní kí Ọlọ́run fún wọn lókun, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí ní Felele, bẹ́ẹ̀ ló ń rí ní Adankolo, bẹ́ẹ̀ ló sì ń rí lórí òkè Agbájà láàárín àwọn Ọ̀wọ́rọ̀.

Lóòótọ́, ara ń dàgbà, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn. Àmọ́ gbólóhùn yìí ti gba ipò dókítà lọ́pọ̀ ilé. Àìsàn tó ní oògùn ń fara pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀, àgbàlagbà á sì máa fara da ohun tí kò yẹ kó fara dà. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ohun tí èèyàn rò nípa ogbó ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀, ohun tí wọ́n sì ti rí kàn wá ní Kogí gbọ̀ngbọ̀n.

Kí ni wọ́n ń wọ̀n?

Ohun àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí tí èèyàn ń gbọ́ lára. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn rárá: "Bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ bó ṣe ń ṣe yín lára, ẹni ọdún mélòó ni ẹ rò pé ẹ jẹ́?" Wọ́n á yọ èsì náà kúrò nínú ọjọ́ orí gidi, wọ́n á wá fi ọjọ́ orí gidi pín ohun tó kù. Ìyá ẹni 70 ọdún tó bá ní òun ń gbọ́ ọdún 56 lára ti fi ọdún 14 rẹlẹ̀, ìyẹn ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún 2006, David Rubin àti Dorthe Berntsen gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ará Denmark, wọ́n sì rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún ló ń gbọ́ ara wọn bíi pé wọ́n fi nǹkan bí ìdá 20 kéré sí ọjọ́ orí wọn.

Ohun kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ: ojú wo ni èèyàn fi ń wo ogbó tirẹ̀? Lọ́dún 1975, M. Powell Lawton, onímọ̀ nípa àwọn àgbàlagbà ní Philadelphia, ṣe àtúnṣe sí ìwé ìbéèrè kan, márùn-ún nínú àwọn ìbéèrè inú rẹ̀ sì dá lórí èyí. Wọ́n ń wádìí bóyá nǹkan túbọ̀ ń burú sí i fún èèyàn bó ṣe ń dàgbà, bóyá okun rẹ̀ ṣì dà bíi ti èṣí, bóyá ó rò pé òun ò wúlò mọ́, bóyá inú rẹ̀ ṣì ń dùn bíi ti ìgbà ọ̀dọ́. Títí dòní ni wọ́n ń lo márùn-ún yìí káàkiri ayé.

Nígbà tó di ọdún 2007, ìwé ìbéèrè méjì mìíràn jáde. Ọ̀kan ni èyí tí Ken Laidlaw àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, ìbéèrè 24 ló ní. Bí télọ̀ ṣe ń wọn èjìká lọ́tọ̀ tó sì ń wọn ìbàdí lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé yìí ń ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀: ohun tí ogbó gbà lọ́wọ́ èèyàn, ìyípadà tó dé bá ara, àti ohun tí ogbó fi kún un, bí ọgbọ́n, sùúrù àti àǹfààní láti tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà. Mo fẹ́ràn apá kẹta yẹn púpọ̀, nítorí ẹni tó bá béèrè àdánù nìkan lọ́wọ́ àgbàlagbà, àdánù nìkan ló máa gbọ́.

Ìkejì wá láti Ireland, lọ́wọ́ Maja Barker àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é. Èyí ló bá ọ̀rọ̀ Kpátá mu jù lọ. Yàtọ̀ sí ìbéèrè 32 nípa èrò, ó to ìyípadà ara 17 sílẹ̀, bí orúnkún tó ń ro ni, bí oorun tó dín kù ni. Ó ń béèrè bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ sí èèyàn láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tún ń béèrè bóyá ogbó nìkan ló rò pé ó fà á. Ẹ ò rí i pé "ogbó ni" gan-an ni wọ́n gbé sórí ìwọ̀n!

Ọjọ́ orí mẹ́ta lára ẹnì kan ṣoṣo

Ní Denmark, ìwé ìbí wà, ìṣirò rọrùn. Lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan lè ní ọjọ́ orí mẹ́ta. Ọjọ́ orí ìwé wà, èyí tí wọ́n búra fún ní kóòtù kí wọ́n tó wọ ilé ìwé tàbí iṣẹ́ ìjọba. Ọjọ́ orí tòótọ́ wà, èyí tí ìyá tó bíni nìkan lè sọ, ìyá náà sì ti lè di olóògbé. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ara ń gbọ́. Nínú ètò ìkànìyàn Nàìjíríà, ó hàn kedere pé àwọn èèyàn máa ń rọ́ ọjọ́ orí wọn sórí 40, 45, 50, 60, torí pé àbá ni wọ́n ń dá.

Báwo lèèyàn ṣe máa wá mọ ọjọ́ orí gidi? Ìtàn ni wọ́n fi ń wá a. Lọ́jọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1947, òṣùpá bo oòrùn, ọ̀sán ṣókùnkùn lọ́pọ̀ ìlú Yorùbá. Bí màmá bá ní òun ti ń rìn tẹ̀tẹ̀ nígbà náà, a ti rí ibi dì mú. Ní ìwọ̀ oòrùn, ọ̀pọ̀ ló máa ń ka ọjọ́ orí látorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1955. Ẹni tó bá gbé ìbéèrè nípa ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn Okun, Yorùbá ìhà Kogí, ì báà jẹ́ Yàgbà, Ìjùmú, Òwé, Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀, máa ṣìnà. Abẹ́ ẹkùn Kàbbà ni wọ́n wà nígbà náà, Lọ́kọ́jà ni olú ìlú ẹkùn náà, Ìpínlẹ̀ Àríwá ló sì ni ín, nítorí náà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tí wọ́n máa rántí yàtọ̀: ìgbà tí wọ́n yọ wọ́n kúrò lábẹ́ Àríwá tí wọ́n sì dá ìpínlẹ̀ tó di Kwara sílẹ̀ lọ́dún 1967, ogun abẹ́lé, ìgbà tí ọkọ̀ ṣí láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún ní oṣù Kẹrin ọdún 1972, ìgbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní oṣù Kìíní ọdún 1973. Ìṣẹ̀dá Kogí lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 kò tíì jìnnà lójú wọn. Bí ẹ bá fẹ́ wọn ogbó ní Lọ́kọ́jà, ẹ kọ́kọ́ kọ́ ìtàn Lọ́kọ́jà.

Ìṣòro mìíràn tún wà nínú ọjọ́ orí tí èèyàn ń gbọ́ lára. Lọ́pọ̀ ilẹ̀ òyìnbó, ìyìn ni kí wọ́n ní èèyàn ṣì dà bí ọmọdé. Níhìn-ín, ipò ń bẹ nínú àgbà. Ẹni tí wọ́n ń pè sí ìpàdé ẹbí láti parí ìjà kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka òun mọ́ ọ̀dọ́. Bó bá dáhùn pé òun ń gbọ́ ọdún 80 lára nígbà tó jẹ́ ẹni 70, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iyì ló ń sọ, kó má sì sí àárẹ̀ kankan lára rẹ̀. Fún ìdí yìí, mi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé ìbéèrè yẹn nìkan ní Kogí. Ti Barker, tó ń béèrè ohun tó fa ìyípadà ara kọ̀ọ̀kan, ló wúlò jù fún wa.

Ìwádìí tó dé Kogí

Àwọn kan ti ṣe iṣẹ́ yìí nítòsí wa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní Ibadan Study of Ageing. Ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá ni wọ́n rìn dé: Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Oǹdó, Èkìtì, Kwara àti Kogí. Àwọn àgbàlagbà 2,152 tí wọ́n ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nínú ilé wọn. Àwọn tí kò mọ ọjọ́ orí wọn, ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìtàn ni wọ́n fi bá wọn wá a. Wọ́n béèrè nípa ìlera, iṣẹ́ ojoojúmọ́, ọ̀rẹ́, ẹbí, àti bí ayé ṣe rí lójú ẹni náà fúnra rẹ̀.

Nínú ohun tí wọ́n rí, kíkópa nínú ọ̀rọ̀ ẹbí àti ti àwùjọ wà lára ohun tó lágbára jù láti sọ bóyá ayé àgbàlagbà dára lójú ara rẹ̀. Kì í ṣe oúnjẹ àti oògùn nìkan. Màmá tó ṣì ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, tí wọ́n ṣì ń bi léèrè kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó, ń jẹ ayé tó dára ju ti ẹni tí wọ́n kàn ń gbé oúnjẹ wá fún nínú yàrá.

Àbájáde kejì ń dùn mí. Nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet lọ́dún 2007, ìdá 26.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà yìí ló ti ní ìsoríkọ́ tó le rí láyé wọn, ìdá 7.1 sì ní i láàárín oṣù 12 tó ṣáájú ìbéèrè. A máa ń sọ pé ilẹ̀ wa ò ní irú rẹ̀ nítorí pé ọmọ àti ọmọ-ọmọ yí àgbà ká. Iye yẹn kò gbè wá. Bàbá tí kò sùn lóru mọ́, tí oúnjẹ ò wù mọ́, tó ti dẹ́kun lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ti ń lọ láti ọjọ́ pípẹ́, ohun tí ará ilé máa sọ ni pé ogbó ti dé. Ìsoríkọ́ ní ìtọ́jú, ẹni 75 ọdún sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"A dúpẹ́" kì í ṣe nọ́ńbà

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìbéèrè yìí ṣe máa ń rí nínú ilé. Ọ̀dọ́bìnrin kan láti ibi ìwádìí jókòó sórí àpótí, ó mú bébà àti bírò dání. Ìyá jókòó sórí ẹní, ìyàwó ọmọ ń ṣa ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ kú ìsimi, Màámá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rò pé ẹ wúlò báyìí tó bíi ti àtẹ̀yìnwá?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run ń ṣe é."

"Màámá, nínú mẹ́ta yìí, èwo ló bá a mu: ó rí bẹ́ẹ̀ gan-an, ó rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀, tàbí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá?"

"Ìwọ náà á dàgbà, o ò ní rí ibi."

Àdúrà ni ọ̀dọ́bìnrin yẹn gbà, kò rí èsì kọ. Ìyá náà kò ṣe ohun tó burú. Bó bá ní òun ò wúlò mọ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń gbọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ lójú ará ilé sì ni pé àwọn ọmọ ò tọ́jú òun dáadáa. Kò sí ìyá tó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú àṣírí ọmọ rẹ̀ fún àlejò. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òtítọ́ gbọ́dọ̀ bá àgbàlagbà jókòó lóun nìkan, kó jẹ́ kí ìkíni parí tán, kó sì béèrè nípa ohun tí ọwọ́ ń ṣe kó tó béèrè nípa ohun tí ọkàn ń rò: "Ta ló ń bá yín pọn omi? Ọjà wo ni ẹ lọ kẹ́yìn? Kí ló dé tí ẹ ò lọ mọ́?" Inú "kí ló dé" yẹn ni èrò wọn nípa ogbó máa ti jáde.

Ní Lọ́kọ́jà pàápàá, Yorùbá nìkan ò tó. Núpé, Haúsá, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Bàsà ń gbé àdúgbò kan náà. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ oníkálukú ní èdè tó fi ń ṣàròyé.

Ṣé èrò lásán lè mú ẹ̀mí gùn?

Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Oxford ní ìpínlẹ̀ Ohio, Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó ti pé 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léèrè lọ́dún 1975 nípa ogbó tiwọn. Becca Levy ní Yunifásítì Yale padà wo àkọsílẹ̀ àwọn 660 nínú wọn, ó sì fi bí oníkálukú ṣe pẹ́ láyé tó wé èsì tó fún wọn nígbà náà. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2002: àwọn tí èrò wọn nípa ogbó ara wọn dára fi ọdún 7.5 pẹ́ láyé ju àwọn tí èrò wọn burú lọ. Ó ti yọ ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, ipò owó, ìlera àti ìdánìkanwà kúrò nínú ìṣirò, síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà ò lọ.

Ká má fi ọ̀rọ̀ náà ṣe idán. Ẹni tí àìsàn ti ń jẹ lára láìhàn lè torí ẹ̀ ronú burúkú nípa ogbó, kò sì sí bí ìṣirò ṣe lè gbọ̀n gbogbo irú ìyẹn dànù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí èrò ń gbà dé inú ara tí ojú lásán lè rí. Nínú ìwádìí mìíràn tí Levy àti Lindsey Myers gbé jáde lọ́dún 2004, àwọn tí èrò wọn dára ló ń ṣe ohun tó ń dènà àìsàn jù: wọ́n ń lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ń lo oògùn bí dókítà ṣe ní kí wọ́n lò ó, wọ́n ń jẹun bó ṣe yẹ, wọ́n ń rìn. Ọ̀rọ̀ náà yé èèyàn tó bá ronú sí i. Ẹni tó gbà pé ogbó ló ń pa ojú òun kò ní wá oníṣègùn ojú. Funfun tó ń bo ẹyin ojú àgbàlagbà, iṣẹ́ abẹ tí kò gba ọjọ́ púpọ̀ ló ń mú un kúrò, èèyàn á sì tún ríran.

Ibo ni èrò burúkú yìí ti ń wá? A ń gbìn ín sínú àwọn ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2021 pé ọ̀kan nínú èèyàn méjì láyé ló ń fi ojú tí kò dára wo àwọn ẹlòmíràn nítorí ọjọ́ orí. Àwa tí a ń gbàdúrà pé kí a dàgbà, kí a darúgbó, àwa náà là ń fi "arúgbó" bú ara wa bí ìjà bá dé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń gbọ́ èébú yẹn máa gbé e dàgbà, lọ́jọ́ tí irun tirẹ̀ bá funfun, á rò pé òun ni wọ́n ń bú.

Ẹ̀rù ìṣarán

Ọ̀kan lára ohun tó ń ba àgbàlagbà lẹ́rù ni pé òun máa ṣarán. Fún àwọn ìyá, ẹ̀rù náà jẹ́ méjì, torí obìnrin tó bá ń sọ ìsọkúsọ tàbí tó ń rìn lóru ni wọ́n máa ń pè ní àjẹ́. Wọ́n ti lé irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ kúrò nílé, wọ́n ti lu àwọn kan. Àìsàn ọpọlọ ni, ẹni tó ní i kò dẹ́ṣẹ̀ kankan.

Bẹ́ẹ̀, kò wọ́pọ̀ tó bí a ṣe rò. Ọdún 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní àdúgbò Ìdíkàn, nílùú Ìbàdàn. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọṣúntókun wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Lọ́dún 1995 wọ́n kéde pé nínú àwọn ará Ìdíkàn tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àìsàn ìgbàgbé tó le. Nínú àwọn àgbàlagbà ọgọ́rùn-ún, bí 98 ni kò ní i. Bàbá tó gbàgbé ibi tó gbé kọ́kọ́rọ́ sí kò ṣarán. Bí ìgbàgbé bá dé kíákíá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, torí ibà, àkóràn inú ìtọ̀, ṣúgà tàbí oògùn tí wọ́n pa pọ̀ lè fà á, gbogbo wọn ló sì ní àtúnṣe.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì

Olú ìlú ìpínlẹ̀ ni Lọ́kọ́jà, ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ọdún 60 tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fi ń fẹ̀yìn tì, òfin ọdún 2022 sì sún ti àwọn olùkọ́ dé 65 tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Lóru ọjọ́ kan, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì á di "bàbá" tó jókòó sílé. Ara rẹ̀ kò yí padà lóru yẹn, èrò rẹ̀ nípa ara rẹ̀ ló yí. Ẹni tí ọjọ́ orí ìwé rẹ̀ kéré sí tòótọ́ á ti rẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ ju tòótọ́ lọ á sì jókòó sílé nígbà tí agbára ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn méjèèjì nílò ẹni tó máa bá wọn sọ ọ̀rọ̀ yìí kí ọjọ́ náà tó pé.

Ohun tí ẹ lè béèrè nílé, àti ohun tí ìjọba lè ṣe

Bí ẹ bá lọ kí àwọn òbí yín, ẹ bi wọ́n pé: "Kí ni ẹ ń ṣe lọ́dún tó kọjá tí ẹ ò lè ṣe mọ́?" Tí wọ́n bá dáhùn, ẹ béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dé lójijì kì í ṣe ogbó. Ẹnu tó wọ́, apá kan tó kú, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ mọ́ èèyàn lẹ́nu, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni, kí ilẹ̀ má mọ́ bá a. Èyí tó wá díẹ̀díẹ̀ náà yẹ kí dókítà wò: ojú tó ń funfun, etí tó ń dí, bàbá tó ń jí tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru, làkúrègbé tí kò jẹ́ kí ìyá lè dìde lórí ẹní. Ẹ̀jẹ̀ ríru ní tirẹ̀ kì í kan ìlẹ̀kùn, àyẹ̀wò nìkan ló ń fi í hàn, ọsibítù alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín sì lè wọ̀n ọ́n.

Òfin ọdún 2017 dá ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà Nàìjíríà. Mo fẹ́ kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà dé ibi tí àgbàlagbà ti ń pé jọ tẹ́lẹ̀. Lásìkò ìyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, wọ́n máa ń tò láti òwúrọ̀ kí wọ́n lè fi hàn pé àwọn ṣì wà láàyè. Kí nọ́ọ̀sì kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó wọn tàgbà kọ̀ọ̀kan, kó wá bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ló yí padà lára yín, kí ni ẹ rò pé ó fà á, ta ni ẹ fi hàn? Kó kọ èsì náà sínú fáìlì tí orúkọ wà lórí rẹ̀, kí ẹni tó bá jókòó sí àyè yẹn lọ́dún tó ń bọ̀ lè ṣí i kó sì wò ó.